Àga Kan fún Ìyá Ìjọ

Ẹ̀rù ni Vernice Gaithers kọ́kọ́ máa ń wọ̀ láàárọ̀ kó tó wọ bàtà. Lemuel ọkọ rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín tó bá sọ ọ́ tán. Bàtà pẹlẹbẹ ni obìnrin náà sì máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí ilé ìkàwé ìlú Weems Bluff títí di ìgbà tí wọ́n bá tì í, kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè fìdí lé nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo àga ibẹ̀ lọ.

Ọdún 1962 ni, ní ìpínlẹ̀ Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kóòtù ti pàṣẹ pé ilé ìkàwé ńlá tó wà ní gbàgede ìlú, èyí tí àwa dúdú ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti kékeré láìmọ bí inú rẹ̀ ṣe rí, gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, gbọ́ràn sí kóòtù lẹ́nu. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin kan wá kó gbogbo àga sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti tábìlì mọ́ ògiri, wọ́n sì gbálẹ̀. Kò sí òfin tó sọ pé dúdú kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ohun tí ara wọn kò gbà ni kí dúdú àti funfun jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ìdúró kò dà bí ìjókòó lójú wọn. Ènìyàn máa ń dúró ní báńkì, ó máa ń dúró nílé ìfìwéránṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó, ó ti dé ilé nìyẹn.

Vernice kì í ṣe ẹni tó kàn ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Oko òwú àwọn ẹlòmíì ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ sì fi ebi panu kó lè lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú ní Atlanta, níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fẹ́ kà á. Nígbà tó padà délé, òun ló ń mójú tó ilé ìkàwé àwa dúdú tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, yàrá kan tí omi máa ń yọ wọ̀ tí òjò bá rọ̀. Àlòkù ìwé ilé ńlá ni wọ́n ń kó wá fún un. Ìwé ìmọ̀ tó ní ìdìpọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fún un kò ní ìdìpọ̀ àkọ́kọ́, ti lẹ́tà A, rárá, odidi ìran ọmọ ìjọ wa ló sì fi dàgbà láìrí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ń fi àtè lẹ àwọn ìwé náà, ó ń fi aṣọ dì wọ́n, ó sì ń yá àwọn ènìyàn wa.

Ní ọdún kan, ó wakọ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn olùtọ́jú ìwé ìpínlẹ̀ Georgia. Wọn kò gbà á wọ ẹgbẹ́, àmọ́ wọ́n gbà kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kó fetí gbọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí oúnjẹ yá, ó lọ jẹ adìyẹ díndín tó dì sínú bébà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Obìnrin funfun kan tí wọ́n ti jọ ń kọ̀wé síra wọn lórí bí wọ́n ṣe ń di ìwé tó ya gbé páì ọ̀dùnkún wá fún un lójú fèrèsé ọkọ̀, ó sì sáré padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Vernice jẹ páì náà, ó dúpẹ́, ó sì wakọ̀ bọ̀ wálé láìtan rédíò.

Ẹ̀rù rẹ̀ ní orísun. Nígbà tó wà ní kékeré, àbúrò ìyá rẹ̀ kan kọ̀ láti bọ́ kúrò lọ́nà lójú títì kí àwọn ọmọkùnrin funfun méjì lè kọjá. Wọ́n wá mú un nílé lọ́jọ́ kejì. Títí di òní, a kò rí i mọ́, a kò sì rí sàréè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ti yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pa pé ilé ìkàwé kan ti tó, agbẹjọ́rò wa bi ìgbìmọ̀ pé kí ni wọ́n máa ṣe sí olùtọ́jú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí adájọ́ tún pè wọ́n, ni wọ́n bá gbà á, wọ́n sì fi í sídìí káńtà níbi tí aṣojú adájọ́ tó ń wá wò bóyá wọ́n ń pa àṣẹ mọ́ ti máa rí i tó bá wọlé. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Thurlow, alága ìgbìmọ̀, tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, là á yé e. Ìdánwò ni. Tí wàhálà kankan bá tọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ó máa kúrò ní káńtà, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sì ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè ti ilé náà pa mọ́ gbogbo ayé lójú. Ohun tó wà lọ́rùn Vernice nìyẹn. Tó bá ṣe àṣìṣe, kì í ṣe òun nìkan ló máa pàdánù.

Mísì Haddock, ọ̀gá ilé ìkàwé náà, kéré sí i lọ́jọ́ orí. Orúkọ ló ń pè é, gan-an bí Thurlow ṣe ń pè é, bí ọmọdé funfun tó bá wá yá ìwé ìtàn pàápàá ṣe ń pè é. Láràárọ̀ ló máa ń sọ fún un pé, "Vernice, má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lónìí." Bí ẹni pé Vernice ló ń ṣètò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé.

Nílé, tẹlifóònù máa ń dún. Tó bá gbé e, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń gbọ́ ẹni tó ń mí. Lemuel, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ omi di yìnyín, wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan bó ṣe ń da kọfí.

"Vee, iṣẹ́ wo nìyí? Iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí o lè da kọfí sínú kọ́ọ̀bù?"

"Inú àwo ló dà sí, Lemuel. Kò dànù."

"Ìyẹn náà wá di ìdáhùn?"

Vernice nu àwo náà. Ó ti gbàdúrà kó tó jáde sí kíṣínì, bó ṣe máa ń gbà á lójoojúmọ́, ó sì ti dìde lórí orúnkún rẹ̀ láìyàtọ̀ sí bó ṣe kúnlẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Ìjọ wọlé.

Màmá Rhoda Bascom ni Ìyá Ìjọ wa. Ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú bí ọ̀pá ìgbálẹ̀ tí wọ́n wé aṣọ mọ́. Fìlà funfun ọjọ́ Àìkú ló dé wá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kí gbogbo ilé bí ìgbà tí ènìyàn wọ ilé onílé: ó ní ẹ káàárọ̀ o, gbogbo yín níbẹ̀. Àwọn funfun mẹ́ta tó wà nídìí pẹpẹ ìwé kò dáhùn, àmọ́ ọ̀kan ti mi orí kó tó rántí ara rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Vernice, "wọ́n ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Ansbach, nílẹ̀ Jámánì, ni ìjọba gbé Tobias ọmọ ọmọ mi lọ ṣe sójà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tó wà kí n tó kú."

"Ẹ ò ní kú, Màmá."

"Màá kú o. Àmọ́ mo fẹ́ kọ́kọ́ rí Ansbach."

Ìwé máàpù tó tóbi jù nílé náà wúwo bí òkúta ọlọ, wọn kì í sì í yá a jáde. Vernice gbé e lé orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ṣí i sí Jámánì, ó sì yíjú láti mú awò tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Nígbà tó padà wò, ó rí Màmá tó di tábìlì mú, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, bí ẹni tó ń wá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Nínú ìjọ wa, Ìyá Ìjọ kì í dúró. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní èyí, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fà á símú. Tí Ìyá bá wọlé, ẹni tó bá kéré tó sì sún mọ́ ọn jù á dìde. Tí kò bá sí àga, á lọ wá a. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù lọ́wọ́, á dákẹ́ títí Ìyá á fi jókòó. Ẹsẹ̀ Vernice ti gbé e dé yàrá ẹ̀yìn kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Àga kan ṣoṣo ló kù lókè, èyí tí Mísì Haddock máa ń jókòó lé jẹun ọ̀sán. Ó gbé e, ó fi sídìí tábìlì, ó di ìgbọ̀nwọ́ ìyá arúgbó náà mú títí ó fi jókòó tán, ó tilẹ̀ tún fi tìmùtìmù há a lẹ́yìn.

Ìgbà tó nàró padà ló tó rí ohun tó ṣe.

Ó ń gbọ́ fáànù òkè tó ń yí. Gbogbo ènìyàn ló dúró, àfi obìnrin dúdú kan tó jókòó sí àárín wọn, tó ń fi ìka wá ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọkùnrin kan dá ìwé rẹ̀ padà sórí pẹpẹ, ó dé fìlà, ó sì jáde lọ ní tààrà síbi tẹlifóònù ojú pópó. Ìyáàfin Sewell, opó olórí ìlú àná tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà, tó máa ń fi ìbàdí rẹ̀ tó ń dùn ún ti ògiri ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kò wo Màmá Bascom rárá. Àga yẹn ló ń wò.

Mísì Haddock jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Vernice, àga mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, má."

"Gbé e kúrò níbẹ̀."

"Wọ́n ti jókòó lé e, má."

"Mo rí i pé ó ti jókòó lé e. Lọ sọ fún un kó dìde."

Vernice bẹ Mísì Haddock pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun sọ ọ́. Mísì Haddock gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú. Màmá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ibi yín yìí tutù, ó dára." Mísì Haddock yí padà, ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tí Thurlow fi dé, ìyẹ̀fun oúnjẹ màlúù ṣì wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Ó lọ bá Vernice ní káńtà.

"Ta ló fún un ní àga?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kí o fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n fún un, sà."

"Lọ gbà á padà. Báyìí."

Vernice rí ojú Naomi ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, ó rí àbúrò ìyá rẹ̀ tí kò ní sàréè. Ó ké pe Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, kì í ṣe àdúrà gígùn, orúkọ Rẹ̀ nìkan. Ó sì dà bíi tẹlifóònù ilé wọn. Ó dá a lójú pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, àmọ́ kò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ lé mi lọ tí ẹ bá fẹ́, sà. Mi ò lè lé Màmá dìde."

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Thurlow ní kó tún un sọ. Títún un sọ yẹn ló le jù. Ó tún un sọ.

Thurlow wò ó bí ẹni tó fẹ́ rántí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó wá rìn lọ sídìí tábìlì fúnra rẹ̀. Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ẹni tó dé. Ìka rẹ̀ wà lórí máàpù.

"Ọmọ mi, ojú tìrẹ ríran ju tèmi lọ. Bá mi ka eléyìí. Ṣé Ansbach ni?"

Ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rò ó. Ó sún ojú mọ́ ìwé náà.

"Ansbach ni, má."

"Má" yẹn, tí funfun kì í pe dúdú, ti jáde, kò ṣeé gbé mì mọ́, gbogbo ilé ló sì gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Màmá ní, "O ṣeun. Ó jìnnà sí òkun. Tobias ò mọ omi í wẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ wàyí."

Thurlow jáde. Bó ṣe ń kọjá ní káńtà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ọjọ́ Ẹtì." Ọjọ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ máa jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oòrùn ò tíì wọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá dúró níwájú ilé àwọn Gaithers. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Wọn kò sọ̀ kalẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń da èèpo rẹ̀ sínú ọgbà òdòdó Vernice. Lemuel jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún níbi tí wọ́n ti máa rí i pé kò mú nǹkan kan dání. Wọ́n jẹ ẹ̀pà náà tán, wọ́n sì lọ. Bí wọ́n ṣe lọ ni tẹlifóònù dún, lọ́jọ́ yẹn ó sì sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin kan ni, kò bínú, ó tilẹ̀ rọ̀. Ó ní àwọn mọ ọ̀nà tí Naomi ń gbà lọ sílé ìwé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àbúrò Lemuel ní Macon. Lemuel ní kí àwọn náà kẹ́rù, pé ẹ̀gbọ́n òun wà ní Detroit, pé kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè àga níbẹ̀. Vernice ní kí Lemuel jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Bascom wá sílé wọn. Ó dúró wo èèpo ẹ̀pà nínú òdòdó, ó wá wọlé, Vernice sì fún un ní àga.

"Wọ́n ní nítorí tèmi ni."

"Nítorí àga ni, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ? Kí n ní kí ẹ dìde?"

Ìyá arúgbó náà rò ó. "Tí o bá tiẹ̀ sọ ọ́, mi ò ní dìde," ó ní. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Vernice rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ rí. Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá gbàdúrà, ṣé Ó máa ń dá yín lóhùn?"

Màmá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

"Nígbà míì. Nígbà míì ó máa ń pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé ohun tí mo béèrè."

Kì í ṣe ìdáhùn tó ń wá. Síbẹ̀ ó jẹun alẹ́ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn kò jẹ́ kó wọ ibi ìpàdé. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ó ń gbọ́ ohùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀, títí ohùn Ìyáàfin Sewell fi borí gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ní ìbàdí òun ti ń pa òun láti ìgbà tí wọ́n ti kó àga, pé òun dákẹ́ nítorí wọ́n sọ fún òun pé gbogbo ènìyàn ló máa dúró. Ó ní tí obìnrin dúdú bá lè jókòó tí òun opó olórí ìlú ń fara ti ògiri bí ìgbálẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ ọkọ òun kúrò lára ilé náà kí ọ̀la tó mọ́. Kò sọ̀rọ̀ nítorí Vernice. Kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Mísì Haddock ló jáde wá sọ ìdájọ́. Wọn kò ní ti ilé ìkàwé pa. Àga díẹ̀ máa padà. Àmọ́ Vernice kò gbọdọ̀ dúró ní káńtà mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ló máa wà, á máa tún ìwé tó ya ṣe, á máa tilẹ̀kùn, kí òǹkàwé kankan má rí i. Ọ̀ràn aṣojú adájọ́, àwọn máa mọ ohun tí àwọn máa sọ fún un. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó máa lọ.

Vernice gbà. Ara rẹ̀ tù ú, ojú sì tì í pé ara tù ú.

Yàrá ẹ̀yìn kò ní fèrèsé. Ó ní àtè, ó ní bébà, ó ní ìdákẹ́jẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kò wá mọ́. Tẹlifóònù kò dún. Naomi padà wálé. Vernice dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ bó ṣe ń dúpẹ́ pé apá kan nínú ọpẹ́ náà kì í ṣe òtítọ́. Láti inú yàrá yẹn ló ti máa ń gbọ́ àwọn ènìyàn wa tó bá wọlé, bí ohùn wọn ṣe máa ń kéré tí wọ́n bá dé iwájú káńtà, bí wọ́n ṣe máa ń tètè jáde. Níta, wọ́n ti to àga méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn bí ìgbà tí àwọn àga náà ń bá ara wọn jà.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Mísì Haddock kan ilẹ̀kùn.

"Vernice, obìnrin yẹn ti dé. Ó fẹ́ ìwé, kò sì fẹ́ kí n bá òun mú un."

Màmá Bascom ti jókòó. Ó ti sọ fún Mísì Haddock pé Ìyáàfin Gaithers ni òun ń dúró dè. Wọ́n sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Ó ní kò burú, òun ò kánjú.

Vernice jáde, ó fún un níwèé, ó sì sáré padà sínú yàrá bí eku. Lọ́jọ́ kejì, Màmá mú obìnrin méjì dání wá láti inú ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́jọ́ kẹta, Díákónì Cleophus Yancey wà níbẹ̀ pẹ̀lú táì ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń kí gbogbo ilé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń béèrè Ìyáàfin Gaithers pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Mísì Haddock, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa jókòó lọ. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Títí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, àga méjìlá kò tó mọ́, àwọn funfun ló kù tó ń nàró, Ìyáàfin Sewell sì ti padà sídìí ògiri rẹ̀, ó ń wo Mísì Haddock bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ̀rù Vernice padà, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò rán wọn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró. Wọ́n á pa mí. Wọ́n á pa ọmọ mi."

"Ẹni tó bá fẹ́ ìwé, ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ìwé ló ń lọ. Kí ló tún kù níbẹ̀?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"O rò pé ìwọ nìkan ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Díákónì Yancey lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó lè kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi." Màmá gbá a lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ náà tutù. "Èmi náà, mi ò sùn. Àmọ́ mo ti sọ fún wọn pé ọ̀la ni a tún ń lọ."

Vernice rí i nígbà náà pé òun kò lè dá wọn dúró bí òun kò ṣe lè lé ìyá náà dìde. Ó lọ sílé, ó kúnlẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Kò mọ ohun tí ì bá béèrè. Ó kàn wà lórí orúnkún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ gbé oúnjẹ fún Naomi, ó sì tún gbé e lọ sí Macon.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mísì Haddock ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn láìkànkùn. Irun rẹ̀ tú. Ó ti wá pè é nígbà mẹ́rin, ilé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni.

"Jáde síbẹ̀ kí o máa dúró síbẹ̀," ó ní. "Mi ò lè máa sáré láti káńtà dé ibí mọ́. Tí Thurlow bá béèrè, màá sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Kì í ṣe ìpinnu ìgbìmọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ìgbìmọ̀ máa ṣe tí wọ́n bá gbọ́. Vernice bọ́ aṣọ iṣẹ́ tí àtè ti lẹ̀ mọ́, ó rìn jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ó sì dúró sídìí káńtà níwájú gbogbo wọn, dúdú àti funfun, àwọn tó jókòó àti àwọn tó dúró. Lójú fèrèsé, ó rí ọkọ̀ kan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní gbàgede. Kò mọ̀ bóyá ti àwọn ọkùnrin tó jẹ ẹ̀pà yẹn ni tàbí ti ẹlòmíì tó ń wá ibi tó máa gúnlẹ̀ sí. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ pákó káńtà.

Díákónì Yancey ló kọ́kọ́ dìde. Vernice bi í pé irú ìwé wo ni ẹ fẹ́, sà.

Díákónì náà, tó ti jókòó síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò tíì ronú kan ìwé kankan rárá. Ó họ orí. Ó ní kó wá èyí tó bá nípọn jù fún òun, torí pé ibẹ̀ náà ni òun ti máa jókòó kà á.